Oògùn Oṣù Mẹ́ta

Ọjọ́ kẹta tí mo po oògùn tí à ń ṣèwádìí lé lórí níbi iṣẹ́ ni ọkọ mi kú. Oògùn yẹn kì í pẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ kó tó bàjẹ́ tí a bá ti pò ó, gbogbo ìyẹ̀fun rẹ̀ tó kù sí wa lọ́wọ́ ni mo sì ti pò. Opó tí mo máa ṣe, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ní n ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Ìta Fájì. Mo bẹ̀ wọ́n fún ọ̀sán kan ṣoṣo, kí n fi lọ dán oògùn náà wò. Mo ní àwọn ààfáà gan-an sọ pé opó lè jáde lọ́sàn-án tó bá pọn dandan.

"Ààfáà kọ́ ló máa gbọ́ ẹnu àdúgbò."

Léèsì ni Ìyá ń tà ní ọjà Balógun, ni mo bá fi aṣọ ṣàlàyé. Mo ní ohun tí ara fi ń mọ iṣẹ́ rẹ̀ dà bíi léèsì tí wọ́n wé mọ́ páálí. Ibi tó bá wé le, ara ò lè rí i lò. Nínú àìsàn jẹjẹrẹ, ibi tó yẹ kó dáàbò bò wá ló máa ń wé pa. Oògùn mi lè tú u, ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn kò lágbára kankan. Àfi tí a bá tan iná búlúù sí i ló ń ṣiṣẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì yí padà.

"Aṣọ ọ̀hún ò yí padà, wọ́n kàn ká a ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O gbọ́n o. Padà sí yàrá."

Inú bí mi gan-an. Ẹnì kan ṣoṣo tó tún mọ iṣẹ́ náà níbi iṣẹ́ wa wà nílé tirẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo fọwọ́ lẹ́rán lẹ́bàá fèrèsé, mò ń ka ọjọ́ mọ́ ìgò oògùn tí mo fi bébà fàdákà wé kí ìmọ́lẹ̀ má bàa kàn án, tó wà nínú fìríìsà ibi iṣẹ́.

Ọjọ́ tí mo jáde opó, ibi iṣẹ́ ni mo gbà lọ tààrà. Mo tan iná búlúù sí oògùn náà. Àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Mo tún tàn án. Mo jókòó, mo sunkún oògùn, mo sunkún ọkọ mi, n ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Mo délé, Ìyá wo ojú mi. "Ó ti bàjẹ́?"

"Ó ti bàjẹ́, mà."

Wọ́n jókòó tì mí. "Nígbà tí mo wà nílé opó, òjò wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Gbogbo léèsì mi ló bàjẹ́. Ìyá ọkọ mi ò jẹ́ kí n jáde lọ kó wọn. Mo ṣépè fún un nínú ọkàn mi."

Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ náà ti ṣépè fún mi, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."