Kíkun Ọgọ́rin Ọmọ Ogun Òjé ní Fante New Town

Iṣẹ́ kíkọ pátákó ni mo ń ṣe ní Kùmásí ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ìsọ̀ mi wà ní Fante New Town, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe. Bí onígbàjámọ̀ bá fẹ́ kí n kọ orúkọ ìsọ̀ òun, tàbí tí onítrótró, awakọ̀ akérò ìlú náà, bá fẹ́ ọ̀rọ̀ àdúrà sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá. Ohun tí mo fi ń yangàn ni pé pátákó mi máa ń dán. Ìdí nìyẹn tó fi yà mí lẹ́nu lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan gbé páálí bàtà wọlé, tó ní kí n kun ohun tó wà nínú rẹ̀, kí n sì jẹ́ kó dàbí ohun tó ti gbó.

Olùkọ́ nípa ìtàn ni ní yunifásítì. Ọmọ Asante ni, kò ní pẹ́ pé ọgọ́ta ọdún, èdè Twi la sì fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo ń pè é ní Prọ́f. Òun ń pè mí ní Alátà, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, kò sì fi bú mi. Ó ṣí páálí náà. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fi òjé ṣe ló wà níbẹ̀, ọgọ́rin, wọn kò ga ju oríkèé àtàǹpàkò mi lọ. Kò sí ọ̀dà kankan lára wọn. Ó ní eré kan wà tí àwọn àgbàlagbà máa ń ta lórí tábìlì ńlá. Ẹni méjì á to ọmọ ogun tiwọn, wọ́n á fi rúlà wọn bí wọ́n ṣe máa rìn tó, wọ́n á sì da dáìsì bíi ti lúdò láti mọ ẹni tó kú àti ẹni tó yè. Òkè òkun ló ti kọ́ ọ nígbà tó ń kàwé. Ọ̀rẹ́ tó kọ́ ọ ń bọ̀ wá kí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó sì fẹ́ kí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà nígbà ogun àgbáyé kejì wà lórí tábìlì òun.

Ó ní, "Èmi fúnra mi ni mo máa ń kùn wọ́n tẹ́lẹ̀. Ojú ló ti ń dun mí. Mo ń rí ọ níbi tí o jókòó sí, ṣùgbọ́n n kò rí imú rẹ."

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi fẹ́ kí wọ́n dán.

"Ta ló máa gbé inú igbó fún oṣù mẹ́fà tó máa dán? Bí wọ́n bá dán, ọ̀rẹ́ mi á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó já àwòrán kan fún mi láti inú ìwé, dúdú òun funfun. Mo ní kò burú. Mo yára jù.

Búrọ́ọ̀ṣì mi tó kéré jù dàbí ìgbálẹ̀ lára wọn. Mo wá òmíràn lọ sí Adum láàárín ìlú, mo sì fi abẹ gé e títí ó fi ku irun mélòó kan. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹsẹ̀ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan mọ́ ìdérí ìgò kí n lè ríbi dì mú. Ọwọ́ tí mo fi ń ya lẹ́tà tó ga tó ènìyàn láìlo rúlà wá wúwo jù fún iṣẹ́ náà. Bí mo bá fẹ́ fi àmì ojú sí i, mi ò ní mí. Mo kùn wọ́n ní àwọ̀ kákí, nítorí kákí ni mo rò pé gbogbo sójà ń wọ̀.

Prọ́f ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ wọ́n di ohun tó gbó. Mà á po ọ̀dà dúdú títí yóò fi ṣàn bí tíì tí kò ní mílíìkì, mà á dà á sí wọn lára kó wọ ibi tó jinlẹ̀, mà á wá nu ibi tó yọ síta. Mo fi tápẹ́ńtáìnì pò ó. Àkókò òjò ni, ọ̀dà tó wà nísàlẹ̀ kò tíì gbẹ dénú, mi ò sì dán an wò lára ẹyọ kan kí n tó fi kan méjìlélógún lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú mi báyìí ni tápẹ́ńtáìnì náà ṣe ń tú ọ̀dà kákí. Ojú wọn, bẹ́líìtì wọn, ìbọn wọn, gbogbo rẹ̀ di ẹrẹ̀ kan náà. Mo jókòó tì wọ́n. Nígbà tí mo dìde, inú agolo ọ̀dà tó ti ṣófo ni mo kó wọn sí, mo sì dé e.

Lọ́jọ́ kẹta, Prọ́f yà lọ́dọ̀ mi. "Alátà, báwo ni?"

Mo ní, "Ó ń lọ dáadáa, Prọ́f." Mo fi ọ̀kan lára àwọn tó dára lé e lọ́wọ́. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọkọ̀ kan bá dúró níwájú ìsọ̀ mi, mà á ti agolo náà sábẹ́ tábìlì.

Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ àwọn tó bàjẹ́. Ibi tí ọ̀dà kọ̀ tí kò kúrò, mo fi ọ̀bẹ ha á. Òjé rọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ìbọn ọ̀kan kán. Mo ní mà á rọra ṣe, òmíràn tún kán. Kí n tó fọ̀ wọ́n tán, méjìlá ti di sójà tí kò níbọn.

Ohun kan ṣoṣo ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo bu erùpẹ̀ pupa níwájú ìsọ̀, mo fi gèlè àtijọ́ jọ̀ ọ́, mo sì wọ́n ọn sí ẹsẹ̀ àwọn tó kù nígbà tí ọ̀dà ẹsẹ̀ wọn ṣì tutù. Àfi bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú pópó wọlé.

Ẹni tí mi ò fẹ́ kó rí wọn ni bàbá mi. Oníṣòwò obì ni wọ́n ní àdúgbò Alabar, Kùmásí ni wọ́n ti bí wọn, àwọn òbí wọn ló wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mùsùlùmí tó le ni wọ́n. A kì í gbé àwòrán kọ́ sára ògiri nílé wa, torí wọ́n ní màlékà kì í wọ ilé tí àwòrán bá wà. Nítorí iṣẹ́ lẹ́tà ni wọ́n ṣe gbà mí láyè láti máa kọ pátákó. Bí mo bá ya orí obìnrin fún onídìrí, wọ́n á gbójú kúrò. Bí mo bá wá ṣe ère ńkọ́, ọgọ́rin ère? Òótọ́ ni pé wọ́n ti lọ sí Bọ́mà nígbà èwe wọn, ṣùgbọ́n ohun tí a mọ̀ nílé kò ju pé wọ́n lọ, wọ́n sì bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, wọ́n dédé yọ sí mi. Ìwé ìròyìn ni mo fà bo tábìlì.

"Kí lo bò mọ́lẹ̀?"

"Iṣẹ́ ni, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ lo ń ṣe. Mo ní, kí lo bò mọ́lẹ̀?"

Wọ́n ṣí ìwé ìròyìn náà fúnra wọn. Méjì tí ọ̀dà wọn ṣì tutù lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n bá a gòkè. Mo ti ń múra láti sọ pé kì í ṣe òrìṣà, pé eré lásán ni, ṣùgbọ́n wọn kò dúró gbọ́. Bàbá mú ọ̀kan, wọ́n nà án jìnnà sí ojú wọn.

"Ta nìyí?"

"Àwọn ọmọ ogun wa ni, Bàbá. Ní Bọ́mà."

"Irọ́." Wọ́n gbé e kalẹ̀. "Kákí kọ́ la wọ̀ nínú igbó yẹn. Aláwọ̀ ewé ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì pupa. Ilẹ̀ Kùmásí lo kó sí wọn lẹ́sẹ̀ yìí."

Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó.

"Ẹrẹ̀ kì í mọ sẹ́sẹ̀. Ó ń dé orúnkún. Èjìká tí okùn ìbọn ń ha ló máa ń kọ́kọ́ ṣá. Òógùn á gbẹ sí wa lẹ́yìn, á fa ìlà funfun bí iyọ̀ ara ẹja gbígbẹ." Wọ́n tún wo orí tábìlì, wọ́n ń wá nǹkan. "Ta ló ru ẹrù wọn?"

"Ẹrù wo, Bàbá?"

"Àpótí ọta. Ìrẹsì. Àwọn tó fara gbọgbẹ́. Mọ́tò kankan kò lè dé ibẹ̀. Orí la fi rù ú." Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé fìlà wọn. "Orí yìí. Wọn ò fún mi níbọn."

Láti kékeré ni mo ti ń rò pé bàbá mi yìnbọn. Wọ́n dìde. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Má gbé wọn wọ ilé mi o," wọ́n sì lọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí ọ̀rẹ́ Prọ́f dé. Mo fọ gbogbo wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun pẹ̀lú àwọ̀ ewé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ kanlẹ̀, omi àti ọ̀dà àwọn ọmọ iléèwé ni mo sì fi po èyí tó ń ṣàn, kí ó má bàa tú tìsàlẹ̀. Mo lọ ṣọ́ọ̀kì, mo fi fa ìlà òógùn sí wọn lẹ́yìn. Mo kun ẹrẹ̀ eléèérú dé orúnkún wọn. Àwọn méjìlá tí kò níbọn, mo rọra tẹ apá wọn sókè, mo fi igi ìṣáná àti páálí ṣe àpótí, mo fi òwú dì í, mo gbé e lé wọn lórí. Prọ́f kò rán mi ní èyí. Ìbọn méjìlá rẹ̀ ti lọ, ẹrù ni mo fi rọ́pò wọn láìgba àṣẹ.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ kó wọn fún un, mo wọ trótró ní Adum pẹ̀lú páálí náà lórí ẹsẹ̀ mi. Ìjọba sójà la wà nígbà yẹn. Àwọn sójà dá wa dúró lọ́nà, ọ̀kan nínú wọn sì nawọ́ sí páálí mi. Ó ṣí i.

Ó bi mí ní Píjìn pé, "Ta ló ní kí o máa kó sójà jọ?"

"Mepa wo kyɛw, ọ̀gá, eré ni. Olùkọ́ kan ló ni wọ́n." Mò ń bẹ̀ é ní Twi.

Ó mú ọ̀kan, ó yí i po. "Èyí ò níbọn."

"Ẹrù ló ń rù, ọ̀gá."

Ó wò ó títí. Ó wá pe ẹnì kejì rẹ̀, ó na ọmọ ogun náà sí i: "Wo ara rẹ!" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó jù ú padà sínú páálí, ó fọwọ́ lu ọkọ̀ pé ká máa lọ. Àpótí tó wà lórí ọmọ ogun náà ti já. Mo fi òwú rẹ̀ so ó padà kí n tó bọ́ sílẹ̀.

Prọ́f kó wọn sórí tábìlì rẹ̀, ìka ló sì fi ń wò wọ́n. Ó kan àwọn tó rẹrù.

"Kí ló wà lórí èyí?"

Mo ronú pé mo lè parọ́, torí kò ríran dáadáa. Ṣùgbọ́n irọ́ kan ti tó mi. Mo rò ó fún un pátá: méjìlélógún tó bàjẹ́, ìbọn tó kán, ọjọ́ tí mo ní ó ń lọ dáadáa.

"O wo ojú mi, o parọ́ fún mi?" Ó bínú gan-an. Nígbà tó yá, ó ní, "Ta ló ní kí o fún wọn lẹ́rù?"

"Bàbá mi ni. Wọ́n wà níbẹ̀. Ẹrù ni wọ́n rù."

Ó gbé ọ̀kan lọ sójú fèrèsé. "Nínú gbogbo ìwé tí mo kà," ó ní, "bóyá ìlà méjì ni wọ́n kọ nípa àwọn tó ru ẹrù." Ó padà wá tò wọ́n sẹ́yìn àwọn yòókù.

Ó pè mí wá wòran lọ́jọ́ eré. Kò sí òfin fún alárùú nínú ìwé eré náà, àwọn àgbàlagbà méjì náà sì jiyàn lé e lórí kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan pé ẹgbẹ́ tí alárùú rẹ̀ bá ti kú kò gbọdọ̀ rìn mọ́. Àtàǹpàkò àlejò ni mò ń ṣọ́ ní tèmi, bóyá ọ̀dà mi á ṣí mọ́ ọn. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó ń bá eré lọ. Prọ́f ló pàdánù.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó wá sí Alabar pẹ̀lú ìwé àti bírò láti wá bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Bàbá gbà á tayọ̀tayọ̀, wọ́n fún un lóbì, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ obì, ibi tó ti ń wá àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Wọn kò fẹnu kan Bọ́mà. Nígbà tó lọ, mo béèrè ìdí.

"Mo ti sọ èyí tí mo fẹ́ sọ," ni wọ́n wí, wọ́n sì bu omi àlùwàlá.

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n tún lò láyé lẹ́yìn náà. Lọ́pọ̀ ìgbà tí a bá jókòó pọ̀, ìbéèrè nípa Bọ́mà á wá sí mi lẹ́nu, mà á gbé e mì. Bóyá ẹ̀rù ni, bóyá ọ̀wọ̀ ni, títí di òní n kò lè sọ.