Ẹja Tó Wọ Inú Kẹ́tù Àlùwàlá

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní àdúgbò Okala, òórùn ẹrẹ̀ dúdú sì gba ojú fèrèsé wọlé bá mi nídìí oúnjẹ. Mo ti àwo sẹ́yìn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń rìn lórí kọ̀ǹkéré ò mọ òórùn náà. Bí ẹyin tó bàjẹ́ pa pọ̀ mọ́ edé tó rà ló ṣe ń rùn. Ní ìgbà èwe mi, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, òun la fi dàgbà nínú Libreville yìí, ìlú elédè Faransé.

Èmi àti Ràmátù jọ ń gbé agboolé kan ní Akébé. Aránṣọ ni bàbá rẹ̀, ará Kétu. Àwọn òbí tèmi wá láti Ọ̀yọ́. Láràárọ̀, bàbá yìí a máa ki ọmọ rẹ̀ láti orí baba dé orí baba ńlá kó tó jẹ́ kó fẹnu kan ẹ̀kọ. Ràmátù mọ̀wé ju gbogbo kíláàsì lọ. Olùkọ́ ló fẹ́ dà, ìdánwò sètífíkà sì ku oṣù kan.

Olùkọ́ wa, tí a ń pè ní Mèsié, kọ́ wa pé iná ni ayé níbẹ̀rẹ̀. Pé ó tutù, òjò rọ̀ títí omi fi kún, nínú omi yẹn sì ni ohun kan tó rí bí ikun imú ti kọ́kọ́ mira. Láti ara rẹ̀ ni ẹja ti wá, láti ara ẹja ni àwọn tó gòkè sórí ilẹ̀, títí ó fi kan àwa. Mo yínmú. Ikun imú! Ṣùgbọ́n ojú Ràmátù ń dán. Mèsié ní kí a mú ẹja irà tó ń fi lẹbẹ rìn wá lọ́jọ́ Ajé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, a wọ irà dé orúnkún. Ẹrẹ̀ náà gbóná lókè, ó tutù nísàlẹ̀, àwọn nǹkan tí n kò rí sì ń rìn láàrin ìka ẹsẹ̀ mi. Ràmátù mú ọ̀kan, olójú ràgàjì, ara rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́. Nígbà tí a délé, a ò rí ohun tó ní ìdérí. Èmi ni mo rí kẹ́tù àlùwàlá bàbá rẹ̀; èmi ni mo da ẹja sínú rẹ̀ tòun tẹrẹ̀.

“Ti Bàbá nìyẹn o,” Ràmátù wí.

Mo ní Bàbá ti kírun Alásárì. Kò tíì kí i. Ó dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó da omi sọ́wọ́, ó fi yọ ẹnu. Ó tutọ́, ó tutọ́, ó ń bì gbùà. Ó ṣí ìdérí, ẹja náà sì gbójú sókè wò ó bí àlejò tí wọ́n jí lójú oorun.

“Kí lèyí?”

“Bàbá, pour l'école, ti ilé ìwé ni. Mèsié ní ibẹ̀ ni gbogbo wa ti wá.”

“Ẹja ẹrẹ̀? Èmi tí mò ń kì ọ́ láràárọ̀ láti Kétu! Ta ló gbé e sínú omi ìrun mi?”

Ràmátù wò mí. Ọmọ ọlọ́mọ ni mí, bí mo bá jẹ́wọ́, èébú lásán ni n bá gbà. Mo tẹjú mọ́ ẹrẹ̀ tó ń gbẹ lẹ́sẹ̀ mi.

“Èmi ni, Bàbá,” Ràmátù wí.

“Ìwé tó ń kọ́ ọ láti da ẹ̀gbin sínú omi ìrun, o ò lọ síbẹ̀ mọ́.”

Kò lọ mọ́ lóòótọ́. Èmi ṣe ìdánwò, mo yege, èmi tí ikun imú ń rí lára ni mo wá di olùkọ́. Wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ dí irà náà, wọ́n ti kọ́lé sórí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn kò yí padà, àwọn ọmọ ọmọ mi ń kà á nínú ìwé aláwòrán, bàbá kankan ò bínú. Ẹrẹ̀, ọṣẹ ń fọ̀ ọ́. Ara mi tí mo kórìíra lọ́jọ́ yẹn, n kò tíì rí ọṣẹ rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ mi àkọ́kọ́ fẹ́ wọ ilé ìwé, mo mú un lọ wọn aṣọ ní àdúgbò Rio níhìn-ín, níbi tí Ràmátù ti ń ránṣọ. Ó wọn èjìká ọmọ náà tán, ó jókòó.

“Lẹ́yìn ẹja yẹn,” ó ní, “kí ló tún kàn? N ò gbọ́ ìyókù.”

Mo sọ ọ́ fún un, láti orí aláǹgbá dé orí ẹyẹ, dé orí ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú, dé orí ènìyàn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, abẹ́rẹ́ há a lẹ́nu, kò wa máṣíìnì rárá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yẹ kí n fi bẹ̀ ẹ́ ni n kò sọ.