Ajá Tí Etí Rẹ̀ Pé

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn epo pupa tí a pò mọ́ eérú, ẹ̀yìnkùlé àwọn àna mi ní Iléṣà ni ọkàn mi ń lọ. Ohun tí ìyá ọkọ mi fi ń pa ojú egbò nìyẹn. Ewúrẹ́ tàbí ajá yòówù tí ó bá wọ ilé náà, Yèyé á fi abẹ gé ṣóńṣó etí òsì rẹ̀, wọn á fi epo àti eérú pa á, ó parí. Kò sí ẹni tí kò mọ àmì ilé wọn ládùúgbò.

Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni mí nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo ti wá, ilé Mùsùlùmí tí a kì í ti í sin ajá. Nígbà tí ọkọ mi wá gbé ọmọ ajá pupa kan wálé fún bàbá rẹ̀ tí ojú wọn ti ń fọ́, ìfẹ́ ajá náà wọ̀ mí lọ́kàn. Tanímọ̀la ni Bàbá sọ ọ́. Bí Yèyé ṣe mú abẹ jáde báyìí, mo kúnlẹ̀. "Yèyé, ẹ má gé e, ẹ jọ̀ọ́. Bí ó bá sọnù, a ó fi orúkọ rẹ̀ dá a mọ̀." Yèyé rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, orúkọ kì í ṣe àmì o." Ṣùgbọ́n wọ́n fi abẹ sílẹ̀, ta ló fẹ́ mú ìyàwó tuntun sunkún?

Ajá náà dàgbà, ó di ojú Bàbá. Wọn á di okùn mọ́ ọn lọ́rùn, á mú wọn lọ sí àdúrà òwúrọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, á dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà títí wọn yóò fi jáde. Ní ọdún kẹta, a wá a tì. Lẹ́yìn oṣù kan gbáko, èmi àti Yèyé rí i níbi tí wọ́n so ó mọ́ níwájú ilé ọkùnrin kan ní àdúgbò kejì. Ọkùnrin náà ní láti kékeré lòun ti ń tọ́ ọ. A gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ olórí àdúgbò. Bàbá kò lè bá wa lọ. Ẹni tí ì bá mú wọn lọ gan-an ni a ń jà sí.

Olórí àdúgbò ní kí n pe ajá náà. Mo pè é, ó sáré tọ̀ mí wá. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ajá mélòó ni kò jẹ́ Tanímọ̀la n'Íléṣà yìí?" Òun náà pè é, ajá sì yí sọ́dọ̀ rẹ̀, ó kúkú ti ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ fún oṣù kan. Olórí àdúgbò fọwọ́ kan etí òsì rẹ̀, ó wo Yèyé. "Yèyé, gbogbo wa la mọ àmì ilé yín. Ajá pupa pọ̀, etí èyí sì pé. Kì í ṣe tiyín." Àmì tí ì bá gbè wá ló dá wa lẹ́bi. Yèyé kò wò mí rárá, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Nígbà tí a délé, mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, mo jẹ́wọ́. "Àánú lo ṣe, ìyàwó mi," ni wọ́n wí. "Má sunkún." Ṣùgbọ́n wọn kò lọ sí àdúrà òwúrọ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. A ní ká máa fà wọ́n lọ́wọ́ lọ, wọ́n kọ̀. Mo ti rò ó títí: kì í ṣe àánú ajá ló ṣe mí lọ́jọ́ náà. Èmi ni n kò fẹ́ gbọ́ igbe.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo bá ọmọ mi gbé ajá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti ẹ̀rọ kan tí ń fi ẹni tó ni ajá hàn, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, sábẹ́ awọ ajá báyìí, tí olè kò lè tú kúrò. Abẹ́rẹ́ náà nípọn. Ọmọ mi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀." Mo gbá orí ajá náà mọ́ àyà, ó ké, n kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀.