Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Ń Ṣí fún Àlejò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Àrẹ̀mọ, ọjọ́ kan wà lọ́dún tí ilé wa máa ń dàrú láti ìdájí. Kì í ṣe Kérésì, kì í sì í ṣe ọjọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọjọ́ Àlejò ni, ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń lọ máa ń ṣílẹ̀kùn kí gbogbo ayé lè wá wo bí wọ́n ṣe tẹ̀ síwájú láàárín ọdún kan. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń bi mí láti àná pé kí ló dé tí mo fi fajú ro nígbà tí gbogbo ilé ń yọ̀, ẹ fara balẹ̀. Ọjọ́ yẹn lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà Bẹyẹrúnkà ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà, tí ẹ bá ti Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ló pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀, àwọn ìjọ tó wà nítòsí sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìwé ni wọ́n ń kọ́ láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á wọ aṣọ iṣẹ́, oníkálukú á gba yàrá tirẹ̀ lọ: àwọn tó ń kọ́ káfíńtà, àwọn tó ń ránṣọ, àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ táìpù. Àwọn ọmọ abà pọ̀ níbẹ̀, àwọn tí bàbá wọn wà nídìí kòkó lóko, tí wọ́n fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹbí nígboro kó lè di ẹni tó mọ nǹkan ṣe. Mi ò ní purọ́ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ló ti ibẹ̀ jẹun. Àwọn tó kọ́ táìpù rí iṣẹ́ ọ́fíìsì, àwọn káfíńtà wọn ló sì kan àga tí à ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Iṣẹ́ irin ni ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ ní tiẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá kan wà ní yàrá wọn, léètì ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Tí wọ́n bá de irin mọ́ ọn, irin náà á máa yí, ọ̀bẹ rẹ̀ á sì máa fá a títí yóò fi di ohunkóhun tí oníṣẹ́ bá fẹ́. Àwọn ìjọ kan lókè òkun ló fi ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ. Òyìnbó kan bá a wá, ó fi ṣe ọ̀pá àbẹ́là kan, irin tí wọ́n ń gbé àbẹ́là lé, tó ń dán gbinrin láti fi hàn wọ́n ohun tí ẹ̀rọ náà lè ṣe, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àìsàn fi lé e padà sílé. Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò fá irin lórí rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń kọ́ ìránṣọ rán aṣọ funfun bò ó láti òkè délẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló sì ń mú kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lọ sílé.

Ẹ má rò pé ènìyàn burúkú ni ọ̀gá yìí o. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, ọkùnrin tó mọ́ tónítóní, tí kì í na ọmọ lásán. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó mọ̀ pé tí nǹkan kan bá kán lára ẹ̀rọ náà, òun ò mọ ibi tí òun ti máa rí irú rẹ̀ rà. Nítorí náà, ó yan tíṣà kékeré kan tí ó ń ya ẹ̀rọ náà sára pátákó, tí ó ń dárúkọ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi mọ orúkọ wọ̀nyẹn bí ẹni mọ oríkì. Tó bá ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, á máa kà wọ́n lórin, èmi náà á máa gbè é, kó tó di pé màmá wa pariwo pé omi ń dà nù. Nígbà tí ìdánwò dé, òun ló gbégbá orókè.

Ó ga, ó dúdú, eyín rẹ̀ sì funfun. Bóyá nítorí ìyẹn náà ni wọ́n ṣe máa ń yàn án láti dúró ti ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ àlejò. Màmá wa, tó ń ta ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ní Ọjà'ba, kì í pàtẹ lọ́jọ́ náà. Àdí àgbọn ló fi ń pa ẹ̀gbọ́n mi lára, àfi bí ẹni fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ sílé ọkọ. Bàbá wa, tó jẹ́ bíríkìlà, á fọ sìmẹ́ńtì kúrò lẹ́sẹ̀, á wọ agbádá. A ó tò tẹ̀ léra lọ.

Ọ̀gá ilé-ìwé ló ń kọ́kọ́ dìde ka ìròyìn ọdún náà: àwọn tó yege, àwọn tó ríṣẹ́, yàrá tuntun tí wọ́n kọ́. Kò sí ọdún tí ìròyìn náà kì í dára ju ti èṣí lọ. A ó pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ á fi máa ta wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí yàrá irin, wọ́n á ká aṣọ funfun kúrò. Tíṣà á tan ẹ̀rọ náà, á máa yí lófo, ariwo rẹ̀ á gba inú yàrá kan, àwọn ìyá àgbà á máa dì mọ́ra wọn. Ẹ̀gbọ́n mi á dúró ti í nínú aṣọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba lọ́ọ̀lù, ọ̀pá àbẹ́là òyìnbó yẹn á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dún tó lò kẹ́yìn níbẹ̀, àlejò kan tó ní ilé-iṣẹ́ irin ní Mọ́lẹ̀tẹ̀ gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún.

Ó ní, “Ọmọ yìí, ìwọ lo ṣe é?”

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó lanu, ọ̀gá ti dá a lóhùn: “Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa ni, sà.”

Àlejò náà mi orí, ó béèrè orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì kọjá lọ. Inú wa dùn. Kí ló máa mú wa mọ̀ pé ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́?

Kì í kúkú ṣe pé màmá wa ò béèrè. Nígbà kan tí ọ̀gá wá kí wa nílé, màmá wa kúnlẹ̀ kí i, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, nígbà wo ni àwọn ọmọ yìí máa wá fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà?”

Ọ̀gá wo igun pálọ̀ wa, níbi tí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì màmá wa wà. Ó rẹ́rìn-ín.

“Màmá, àwọn àwo tó rẹwà tí ẹ tò síbẹ̀ yẹn, ṣé ojoojúmọ́ lẹ fi ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ yín?”

“Ká má rí i o, sà. Ti àlejò ni. Wọ́n á fọ́ ọ.”

“Ẹ ò rí nǹkan! Tí èyí tèmi náà bá fọ́, kí ni màá fi han àlejò?”

Màmá wa rẹ́rìn-ín títí, ó ní òótọ́ ni. Ta ni ò mọ̀ pé òótọ́ ni? Nínú ilé kọ̀ọ̀kan ní Àrẹ̀mọ nígbà náà, ohun tó dára jù lọ kì í ṣe ti onílé. Ọ̀rọ̀ náà wọ gbogbo wa létí bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n, ó sì parí síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi jáde, ó gba ìwé ẹ̀rí tó dára. Kò pẹ́ tí ọ̀gá oníṣẹ́ Mọ́lẹ̀tẹ̀ yẹn fi ránṣẹ́ wá pé kí ọmọ tó dúró ti ẹ̀rọ lọ́jọ́sí máa bọ̀, òun ní iṣẹ́ fún un. Háà, ẹ ò bá rí màmá wa lọ́jọ́ náà! Ó fi ọṣẹ ta àwọn aládùúgbò lọ́rẹ. Wọ́n gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wọ́n omi sí i lórí, wólìí ní òun rí i tó jókòó sórí àga gíga. Bàbá wa sì ti ń sọ pé òun ò ní gun àkàbà mọ́, nítorí orúnkún ń dùn ún, ọmọ òun á máa bọ́ òun.

Ọ̀sán ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ló padà wọlé. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìgbà tí bàbá wa dé ló tó sọ ọ́. Wọ́n gbé irin fún un pé kó fá a. Ó dárúkọ gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ náà fún wọn, kò ṣi ọ̀kan pè. Wọ́n ní ó káre, kó wá tàn án. Ó tàn án. Ó fa ọ̀kan nínú ọwọ́ ẹ̀rọ náà tí kò yẹ kó fà, ọ̀bẹ ẹ̀rọ náà kọ lu irin, ó kán. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, tí orí wọn ò ju èjìká rẹ̀ lọ, bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní ọ̀gá oníṣẹ́ náà kò bínú. Ó kàn bi òun léèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, “Ta ló ṣe ọ̀pá àbẹ́là ọjọ́sí?” Òun sì sọ fún un. Ọkùnrin náà wá ní, “Máa lọ sílé, bá mi kí ọ̀gá ilé-ìwé yín, kí o sì sọ fún un pé mi ò ní gba ọmọ ibẹ̀ mọ́ láé.”

Bàbá wa ní kò sóhun tó le tí kì í rọ̀, kó padà lọ bẹ̀ wọ́n, kó bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́ tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Bàbá, kí ni mo wá ń ṣe láti ọjọ́ yìí?” Ìbéèrè náà ṣì wà nílẹ̀ títí di òní, mi ò rí ẹni tó dáhùn rẹ̀.

Màmá wa lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Mo tẹ̀ lé e. Nígbà tó ro gbogbo rẹ̀ tán, ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Ó ní, “Màmá, àwọn ọmọ náà ni mo ń tọ́jú ẹ̀rọ yẹn fún.” Mo gbà á gbọ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Tó bá jẹ́ olè ni, à bá rí ẹni ṣépè fún.

Ọjọ́ Àlejò tún pé. Wọ́n pè wá, a lọ, bàbá, màmá àti èmi. Ẹ̀gbọ́n mi ní orí ń fọ́ òun. Ọ̀gá dìde, ó ka ìtẹ̀síwájú ọdún náà. Ó ní, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ irin ti ríṣẹ́ sí ìdí léètì ní Mọ́lẹ̀tẹ̀. Àtẹ́wọ́ sọ gèè. Àwọn tó mọ̀ wá ń yíjú wò wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa. Màmá wa dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó jáde. Nígbà tí a délé, bàbá wa ní, “Kò kúkú purọ́. Ọmọ náà ríṣẹ́ lóòótọ́. Pé kò lò ju òwúrọ̀ kan lọ níbẹ̀ ni wọn ò kà.”

Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí abà bàbá bàbá wa, ó di àgbẹ̀. Kò burú, àgbẹ̀ kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó fẹ́ nìyẹn, kò sì fẹ́ràn rẹ̀ títí ó fi kú. Kò wọ ìgboro àfi tí òkú bá kú. Bàbá wa gun àkàbà títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ jálẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀ títí di òní, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ti kun ún, wọ́n ti gbé pátákó ńlá sẹ́nu géètì tó ń sọ ìtẹ̀síwájú wọn lọ́dọọdún. Ibẹ̀ ni ọmọ-ọmọ mi ti ń kọ́ ìránṣọ. Àná ló sáré wọlé pé wọ́n ti yan òun láti dúró ti ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n gbé wá, èyí tó ń fúnra rẹ̀ ṣe ọnà sára aṣọ, nígbà tí àwọn àlejò bá dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ pariwo ayọ̀, ó ti ń wá bàtà tuntun fún un. Èmi bi í pé ọnà wo ló ti fi ẹ̀rọ náà ṣe.

Ó ní, “Màmá, a ò tíì fọwọ́ kàn án o. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá.”

Mo ní, “Tí àlejò bá wá ní kí o ṣe é lójú òun ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Wọ́n ti kọ́ wa. Wọ́n ní ká sọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ ni.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí padà. Nígbà tiwa, ọ̀gá ló ń sáré dáhùn fún ọmọ, ojú sì ń ti ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè wo ojú màmá wa fún ìgbà pípẹ́. Àmọ́ èyí tí mo rí lánàá yìí, ó sọ ọ́ láìwolẹ̀, ó bu oúnjẹ rẹ̀, ó jẹun yó, ó ní kí ìyá òun fi ẹran kún un. Mo tún ní kó wí i fún mi, kí ló máa sọ fún àlejò. Ó wí i láìkọsẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó ti kọ́ níbẹ̀, ìyẹn nìkan ló dá mi lójú pé ó mọ̀ dunjú.