Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Lábẹ́ Aago Quedlinburg

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Roswitha Kühnast fi wa kíréènì ní ilé iṣẹ́ irin kan ní Magdeburg. Láti òkè lọ́hùn-ún, nínú yàrá gíláàsì tí kò fẹ̀ ju ilé ìwẹ̀ lọ, ó ń gbé irin tó wúwo bí ilé sọ̀kalẹ̀ sí ibi tí wọ́n bá fi ẹfun sàmì sí. Kò ṣì í gbé rí. Obìnrin yìí kan náà ló wọ ìdajì ọkọ̀ ojú irin tí kì í ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án.

Lẹ́tà ló gbé e jáde nílé. Irmtraud, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló kọ ọ́ láti Goslar. Ìlà mẹ́ta. Sátidé, agogo méjìlá ọ̀sán. Lábẹ́ aago gbọ̀ngàn ìlú ní Quedlinburg. Màá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí ìwọ náà ṣe dúró dè mí.

Ìlà kẹta yẹn.

Bàbá wọn, tó ń pín lẹ́tà kiri Quedlinburg, ló fi òfin náà lélẹ̀: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni èèyàn fi ń dúró de èèyàn. Tó bá ti pé, kálukú máa lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì dàgbà sínú òfin yìí. Nínú ilé tí èmi àti Roswitha jọ ń gbé ní Magdeburg, ẹni tí aago rẹ̀ bá kú a máa dúró di ìgbà tí Ìyáàfin Kühnast bá gbé ìdọ̀tí sóde, yóò sì fi àkókò yẹn ṣètò rẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni ìyá wọn kú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọkọ̀ ojú irin Irmtraud pẹ́. Àlùfáà wo Roswitha. Roswitha wo aago ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, ó mi orí sí àlùfáà pé ó yá. Ní ogún ìṣẹ́jú, Irmtraud sáré dé. Pósí ti wọlẹ̀. Ó ju òdòdó rẹ̀ sínú ibojì, ó yí padà, ó lọ. Láti ìgbà náà, kò sí lẹ́tà, kò sí fóònù, kò sí káàdì Kérésì.

Nítorí náà, ní Sátidé tí lẹ́tà náà dá, Roswitha se ẹyin méjì, ó rọ kọfí sínú fúláàsì, ó sì dé ibùdókọ̀ nígbà tó ṣì ku ogójì ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ gbéra. Ọkọ̀ náà, méjì ni wọ́n so pọ̀. Ní Halberstadt ni wọ́n ti máa já a. Ti iwájú á lọ sí Quedlinburg, ti ẹ̀yìn á lọ sí Goslar. Ta ni kò mọ̀? Ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Roswitha wọ ti iwájú.

Àmọ́ àwọn arìnrìn-àjò orí òkè kún ibẹ̀, àwọn oníbàtà ńlá tó ti mú ìgò bíà lọ́wọ́ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Wọ́n ń kọrin. Wọ́n ní kó wá jókòó sáàárín àwọn, pé ojú rẹ̀ le bíi ti olùkọ́ ìṣirò. Ọ̀rọ̀ wà lọ́kàn rẹ̀ tó fẹ́ tò. Ní ibi tí ọkọ̀ tún ti dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn, ó sì rí àyè tó pa rọ́rọ́ lẹ́bàá fèrèsé.

Ó ń to ọ̀rọ̀. Irmtraud, òfin ni. Ó nu ìyẹn nù. Irmtraud, ọkọ̀ ló pẹ́, kì í ṣe èmi. Ó nu ìyẹn náà. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀rọ lókè orí rẹ̀, nípa iwájú, nípa ẹ̀yìn. Ó gbọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ òjò. Halberstadt dé. Halberstadt kọjá.

Obìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó wo Roswitha, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Màmá, Quedlinburg ti bá iwájú lọ o.”

“Iwájú ni mo jókòó sí.”

“Ẹ̀yìn lẹ wà. Goslar là ń lọ.”

Roswitha wo ìta bíi pé ilẹ̀ ibẹ̀ á jẹ́rìí sí i. Obìnrin náà fara balẹ̀ ṣàlàyé pé kó sọ̀ ní ibùdó tó kàn, kó padà, á dé Quedlinburg ní aago kan kù díẹ̀.

Aago kan kù díẹ̀. Nígbà yẹn, Irmtraud á ti lọ. Á ti wà nínú ọkọ̀ tó ń padà lọ sí Goslar, àwọn méjèèjì á sì pàdé ara wọn lójú irin láìrí ara wọn. Roswitha ṣírò rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣírò ẹrù. Tí Irmtraud bá kúrò ní méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á délé kí aago méjì tó lù. Nítorí náà, Goslar gan-an ló yẹ kéèyàn wà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, kò sì sọ̀.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Goslar, ó kọjú sí ojú irin. Ọkọ̀ kan dé kí aago méjì tó lù. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ló sọ̀. Òmíràn dé kí aago mẹ́ta tó lù. Tọkọtaya kan, ajá kan.

Ìṣírò náà dàrú mọ́ ọn lórí. Bóyá Irmtraud kò tiẹ̀ lọ. Bóyá ara rẹ̀ ni kò yá. Bóyá ó lọ, tó wo aago, tó rí i pé ìyà tó jẹ òun ti wá jẹ Roswitha, tó sì gba ibòmíràn lọ pẹ̀lú ayọ̀. Ṣé kí òun wá lọ sí Quedlinburg báyìí? Ó dìde. Tí òun bá lọ, tí Irmtraud sì ń bọ̀ ńkọ́? Ó jókòó. Ó jẹ ẹyin kan. Ó gbàgbé pé òun ti jẹ ẹ́, ó ń wá a nínú àpò.

Ọkọ̀ tó dé ní nǹkan bí aago márùn-ún àbọ̀ ló gbé Irmtraud wá. Irun rẹ̀ ti funfun pátápátá. Ó gbé páálí kéèkì lọ́wọ́, páálí náà ti tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan.

“Rosi?”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Roswitha ti tò já bọ́. “Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo jókòó sí,” ló sọ.

Irmtraud wò ó títí. “Ìwọ tó wa kíréènì.”

“Èmi náà ni.” Ó gbé fúláàsì kúrò lórí bẹ́ǹṣì. “Mo rò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lo máa dúró, Traudel. Mo ní kí n wá pàdé rẹ níbí.”

“Èmi náà rò bẹ́ẹ̀,” Irmtraud dáhùn. “Títí di aago mẹ́rin ni mo wà lábẹ́ aago yẹn. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò lọ.”

“Ó yẹ kí n dúró dè ọ́ lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló kù.”

“Ó yẹ bẹ́ẹ̀.” Irmtraud jókòó tì í, ó sì ṣí páálí náà. Kéèkì wàrà ni, láti ṣọ́ọ̀bù tí ìyá wọn ti máa ń rà á. Wọn kò ní ṣíbí. Ọwọ́ ni wọ́n fi jẹ ẹ́.

Nígbà tó yá láti padà, Irmtraud tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ó sì bi àwọn ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ibí gan-an ló ń lọ Magdeburg. Orí àtẹ̀gùn ilé wa ni Roswitha ti sọ ọ́ fún mi ní ọjọ́ kejì, àpò ìdọ̀tí lọ́wọ́ rẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn àkókò tó máa ń gbé e sóde. Ó ní òun ṣì ń ṣírò rẹ̀. Kò tíì yé òun ẹni tó dúró de ẹnì kejì.