Páálí Abẹ́ Ibùsùn Ìyá Mi

Èmi kì í gba ẹrù lọ́wọ́ awakọ̀ láì tú u. Gbogbo Ọjà'ba ló mọ̀ mí mọ́ ọn. Àwo ni mò ń tà, àwo tánńganran àti ife tó ń ti òkè òkun wá sí Èkó, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé wá bá wa n'Ìbàdàn. Tí páálí bá ti balẹ̀, màá ní kí awakọ̀ jókòó, kò tíì lè lọ. Màá fi ọ̀bẹ la páálí, màá máa mú àwo lọ́kọ̀ọ̀kan, màá fi èékánná ta á létí. Èyí tó pé á dún gooro. Èyí tó ti sán nínú, ohùn rẹ̀ á há, bíi ti ẹni tí òtútù mú. Wọ́n ti bú mi, wọ́n ti pè mí ní alágídí, n ò tilẹ̀ wo ojú wọn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Páálí tí òde rẹ̀ dán tí inú rẹ̀ fọ́, kò sí ẹni tó máa gbà ẹ́ gbọ́ mọ́ tí awakọ̀ bá ti ṣíná.

Páálí kan ṣoṣo ni mo gbà láì tú láyé mi. Ti ìyá mi ni.

Ìyá mi lọ sí Mẹ́kà nígbà tí ogbó ti dé sí wọn. Nígbà tí wọ́n padà, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ń sọ ṣáá: aṣọ funfun tí wọ́n rà níbẹ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rì sínú omi sàmúsàmú, omi mímọ́ ibẹ̀, tí wọ́n sá, tí wọ́n jókòó tì títí ó fi gbẹ. Òun ni wọ́n fẹ́ ká fi sin àwọn. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà àdúgbò wa ní Bẹyẹrúnká ló ní irú rẹ̀ nínú àpótí. Àmọ́ ẹrù ìyá mi ti wúwo jù fún bàálù, ni wọ́n bá di aṣọ náà pọ̀ mọ́ dàbínù nínú páálí, wọ́n fi rán àwọn tó ń gba ojú omi kó ẹrù.

Nírọ̀lẹ́, lórí pèpéle, wọ́n á máa ròyìn rẹ̀ fún mi. Wọ́n á di ojú. Wọ́n á ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbóná, àwọn ẹyẹlé ń fò kọjá, aṣọ náà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn, ọkàn àwọn sì pa rọ́rọ́. Èmi á máa wo òrùlé páànù tó ti dípẹtà láti ẹsẹ̀ Màpó títí lọ. Ọyẹ́ á ti bò ó, n ò ní mọ ibi tí òrùlé parí sí tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Á wá máa ṣe mí bíi pé èmi náà bá wọn sá aṣọ ọ̀hún. Mo fẹ́ràn àwọn ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, páálí dé. Ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Bẹẹrẹ ló ń bá àwọn tó lọ sí Mẹ́kà gba ẹrù wọn, èmi àti ìyá mi sì jọ lọ síbẹ̀. Okùn páálí náà ò tú, igun rẹ̀ kankan ò tẹ̀. Mo gbé e, mo mì ín. Ó wúwo sí ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Mo yọ ọ̀bẹ mi.

"Kí lo fẹ́ ṣe?" ìyá mi bi mí.

"Ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ̀, Màmá."

"Níbí? Lójú títì Bẹẹrẹ? Ṣé ojú ayé lo ti fẹ́ tú aṣọ òkú mi ni?"

Ọkùnrin náà gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àǹtí, tí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, níbí náà ni o. Tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ mọ́."

"Ẹ gbọ́ nǹkan tí wọ́n sọ, Màmá?"

"Mo gbọ́. Pa ọ̀bẹ ẹ mọ́. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ẹni tó máa wẹ̀ mí ló máa tú u. Ẹni tó bá tú u ṣáájú ọjọ́ yẹn, ikú mi ló ń pè."

"Dàbínù inú ẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ óò jẹ ẹ́ níbi fídáù mi."

Háà! Èmi tí awakọ̀ tírélà ń bẹ̀, mo pa ọ̀bẹ mọ́ bí ọmọdé. A gbé páálí wọ takisí, a gbé e wọ ilé, ìyá mi ní kí n tì í sábẹ́ ibùsùn àwọn. Inú mi ò dùn rárá.

Èèrà ló kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọyẹ́ ti lọ, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, yàrá ìyá mi wá ń run òórùn dídùn kan tí n ò mọ ibi tó ti ń wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gbálẹ̀ níbẹ̀, mo rí èèrà tó tò láti ẹnu ọ̀nà wọ abẹ́ ibùsùn. Wọn ò kánjú, wọn ò pariwo, wọ́n kàn ń lọ ṣáá. Mo dúró wò wọ́n, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, bí ẹni tó ń sùn lórí ìdúró. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ìdí páálí, ó rin, ó sì lẹ̀ mọ́ mi níka.

"Màmá," mo ní, "ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Ẹ wá wo nǹkan."

Wọ́n wo èèrà náà pẹ́. "Mú ọ̀bẹ ẹ wá," wọ́n wí. "Èmi fúnra mi ni màá tú u."

Ó jọ pé nínú ọkọ̀ ojú omi ni ẹrù wúwo ti tẹ dàbínù náà fọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òde páálí ò fi hàn. Ó ti yọ́, ó ti ṣàn wọ inú aṣọ, ó pọ́n rúsúrúsú láti ìṣẹ́po kan dé èkejì, àwọn ibì kan sì ti bu. Ìyá mi gbé e sójú, omi sì ń dà lójú wọn láì dún. Èmi bú sẹ́kún ní tèmi. N ò ní parọ́, ìbínú ló pa mí lẹ́kún. A fọ̀ ọ́, a tún un fọ̀, a sá a sóòrùn. Àbàwọ́n náà kàn ṣá di àwọ̀ tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀ ni.

Mo gba Bẹẹrẹ lọ.

"Àǹtí, ṣé mo sọ fún yín àbí mi ò sọ?" ọkùnrin náà bi mí.

"Ẹ sọ!" mo pariwo. "Ẹ sọ, mo gbọ́, ìyá mi ni ò gbà! Ṣé kí n wá bá wọn jà ni? Kí ni kí n wá fi sin wọ́n báyìí?"

Ọkùnrin náà mú aṣọ funfun tuntun kan lórí pẹpẹ, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ̀ lé mi wálé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá mi. "Àlàájà, ẹ má bínú. Ẹnì kan ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yìí, á bá yín rì í sínú omi yẹn."

Ìyá mi fọwọ́ kan aṣọ tuntun náà, wọ́n sì tì í sọ́dọ̀ mi. "Dìde, ọmọ mi, Ọlọ́run á fọ̀rọ̀ jì wá. Ìwọ, gbà á. Ẹ̀yin ọmọ lẹ óò sin mí, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀. Òkú kì í ra aṣọ ara ẹ̀."

"Èyí tó bà jẹ́ yìí ńkọ́?"

"Tèmi nìyẹn. Èmi ni mo fọ̀ ọ́, èmi ni mo sá a. Ìgbà tí mo ṣì lè mọ̀ pé ó wà lára mi ni màá lò ó."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi bora. Tí wọ́n bá kírun àsùbáà tán, wọ́n á tún dùbúlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fà á bo ara láti orí dé ẹsẹ̀ nítorí ẹ̀fọn. Ìgbà yẹn ni mo máa ń gbé omi gbígbóná lọ bá wọn. Ìmọ́lẹ̀ á máa gba ojú fèrèsé wọlé díẹ̀díẹ̀. N ò ní rí ojú, n ò ní rí ọwọ́, aṣọ náà nìkan ni màá rí, gbọọrọ, lórí ibùsùn. Mo mọ̀ pé wọ́n sùn ni. Ojoojúmọ́ ni mo mọ̀. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi kì í kọjá ẹnu ọ̀nà.

"Màmá," màá pè.

Etí wọn ti wúwo díẹ̀. Màá tún pè, màá sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi dá mi lóhùn.