Àyè Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Túnjí

Mofẹ́olúwa kì í gbé ènìyàn sí àárín fọ́tò. Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́ kíláàsì wọn pé kí wọ́n máa fi ojú inú pín fọ́tò sí ọ̀nà mẹ́ta, kí wọ́n sì gbìyànjú láti gbé ẹni tí wọ́n ń yà sí apá kan, ó ti di ẹni tó ń ti gbogbo ayé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rán an létí pé "gbìyànjú" ni mo wí, n kò sọ pé òfin ni. Kò gbọ́. Ó ya ọmọ kan tó ń ṣe ọjọ́ ìbí ní Ajangbadi, kéèkì ló wà láàárín. Ọmọ tó ni kéèkì wà ní igun bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ kúnlẹ̀ kó káwọ́ sókè.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Okokomaiko ni mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní fọ́tò yíyà. Kí Mofẹ́olúwa tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìbòrí fóònù ló ń tà ní Àlàbá, ibẹ̀ náà ló sì ti ra kámẹ́rà tòkúnbọ̀ tó gbé wá. Orúkọ ẹlòmíràn ṣì wà lára okùn rẹ̀. Ẹnu tó fi ń tajà kò fi í sílẹ̀. Yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé àgbọ̀n yín wálẹ̀ díẹ̀ sà, ẹ ṣeun sà," àgbàlagbà yóò sì ti ṣe gbogbo ohun tó fẹ́ kó tó mọ̀ pé ọmọdé ló ń pàṣẹ fún òun.

Fún ìdánwò ìparí, mo ní òfin kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò fẹ́ràn. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ya fọ́tò ìdílé kan, yóò fi férémù sí i, yóò sì kọ ìdí tó fi tò ó bó ṣe tò ó. Lẹ́yìn náà, èmi fúnra mi yóò lọ sí ilé onífọ́tò. Bí n kò bá bá a lára ògiri wọn, kò sí sàtífíkéètì. Fọ́tò tó dára lójú olùkọ́ nìkan, iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Mofẹ́olúwa sì nílò sàtífíkéètì yìí gan-an, torí ilé iṣẹ́ fọ́tò kan ní Ìyànà Ìbà ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un, sàtífíkéètì náà nìkan ni wọ́n ń dúró dè.

Ó mú lánlọ́ọ̀dù àwọn òbí rẹ̀ ní Ìbà, ìyẹn Bàbá Túnjí, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Túnjí, olórí àwọn ìyá nínú ìjọ aláṣọ funfun wọn. Ó ní kí àwọn méjèèjì wọ sùtánà. Mo yìn ín fún ìyẹn, torí aṣọ funfun kò rọrùn láti yà. Bí ènìyàn bá fi kámẹ́rà sílẹ̀ kó máa ṣe tinú rẹ̀, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì sọ funfun di aláwọ̀ eérú. Mofẹ́olúwa fi ìmọ́lẹ̀ kún un, sùtánà náà sì funfun bí ẹni pé áyọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ó tún jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn hàn láìwọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí ìjọ wọn ti í wọ aṣọ náà. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń gé ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn kúrò nínú fọ́tò débi pé mo ti bi í bóyá ẹsẹ̀ ti di èèwọ̀ nílé wọn.

Àmọ́ apá òsì ló gbé tọkọtaya náà sí. Ìyá wà ní ìpẹ̀kun, Bàbá jókòó tẹ̀lé e. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, títí dé etí fọ́tò lọ́wọ́ ọ̀tún, kò sí nǹkan kan àfi ògiri lásán, tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tẹ́ sí bí ẹní.

Ní Sátidé tí mo lọ wò ó, ìṣó wà lára ògiri, fọ́tò kò sí. Mo kíyè sí i pé wọ́n kan ìṣó náà ní wíwọ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Mofẹ́olúwa ń wo ilẹ̀. Bàbá Túnjí ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọn kò tàn. Fọ́tò wà lẹ́yìn fíríìjì, ó kọjú sí ògiri.

Ìyá Túnjí kí mi dáadáa, ó fún mi lómi tútù, ó sì lọ fa fọ́tò náà jáde. Ó fi ìka sórí ògiri lásán yẹn.

"Tíṣà, ta ló ni àyè yìí?"

Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mi dáhùn. Mofẹ́olúwa ní kò sẹ́ni tó ni ín, pé kí ojú lè rí ibi sinmi ni.

"Ojú ta ni?"

Ìyá Túnjí wá ṣàlàyé fún mi. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé férémù náà wọlé, àwọn ìyá ìjọ wá kí wọn. Ọ̀kan bi í bóyá ó ku ẹnì kan tí wọn kò tíì yà. Èkejì kò béèrè nǹkan kan, ó kàn mi orí, èyí sì burú ju ìbéèrè lọ. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá ti ń ronú. Ó rántí ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì láti Okokomaiko lọ sí Badagry. Èrò kankan kì í jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ títí wọn yóò fi dé Agbára, níbi tí obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì, Zulaikha lorúkọ rẹ̀, yóò ti wọlé. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Nígbà tí mo bi yín nígbà yẹn, Bàbá Túnjí, àyè lásán ni ẹ pe ìyẹn náà."

Ìgbà yìí ni Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

"Àyè ni àyè, kì í ṣe ènìyàn. Èmi ò lè rí ògiri lásán nínú fọ́tò kí n wá máa béèrè ẹni tó ni ín. Tíṣà, ẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí mi."

Mo ní mo gbọ́. Mo wá sọ fún Mofẹ́olúwa pé iṣẹ́ rẹ̀ dára, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ògiri ṣófo, mo sì sún ìdánwò rẹ̀ di Sátidé tó ń bọ̀. Ó tẹ̀ lé mi dé géètì, ó ń rojọ́ pé ohun tí mo kọ́ òun lòun ṣe. Mo ní òótọ́ ni, pàápàá nínú àlàyé tó kọ, torí ó da ohun tí mo kọ sójú pátákó kọ pátápátá, títí kan àṣìṣe tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ láti mọ àwọn tó ń dà á kọ. Mo gbà á nímọ̀ràn pé kó gbé wọn sí àárín, kó sinmi.

Ó ní àwọn tó ń ya fọ́tò káàdì ìdìbò náà ń gbé ènìyàn sí àárín. Lẹ́yìn náà ó wo ilé, ó wá bi mí bóyá mo gbọ́ ohun tí Bàbá sọ dáadáa. Mo ní ṣebí èmi ni ẹlẹ́rìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, Mofẹ́olúwa ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Mo sì bi Ìyá Túnjí léèrè, torí n kì í gba ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì sọ. Mofẹ́olúwa ní kí wọ́n tún wọ sùtánà wọn, ó gbé bẹ́ǹṣì lọ sí ògiri kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Bàbá kó sún.

"Ẹ sún sí ọwọ́ ọ̀tún mi díẹ̀ sà. Ẹ tún sún sí i sà. Ẹ ṣeun sà."

Bàbá ń sún, Ìyá ń sún tẹ̀ lé e, títí èjìká Bàbá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí fọ́tò. Àyè ńlá ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Túnjí, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì kún ibẹ̀. Mofẹ́olúwa yà á, ó gbé ẹ̀yìn kámẹ́rà fún Ìyá kó wò ó. Ìyá wò ó, ó tún gbé jígí ojú wọ̀, ó tún wò ó. Mofẹ́olúwa ní òun ti ń ronú ohun tí òun máa sọ fún ilé iṣẹ́ fọ́tò ní Ìyànà Ìbà bí Ìyá bá kọ̀ ọ́.

"Èyí dáa," ni Ìyá Túnjí wí. "Atẹ́gùn ń fẹ́ níbí."

Nígbà tí mo padà lọ ní Sátidé, fọ́tò wà lára ògiri lókè tẹlifíṣọ̀n. Férémù náà fì sí apá kan díẹ̀, mo sì tọ́ ọ. Ìyá Túnjí gbé mínírà tútù àti mítì-páì síwájú mi. Mofẹ́olúwa fi àlàyé tuntun lé mi lọ́wọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni: "Mo fi àyè sí ẹ̀gbẹ́ Mọ́mì Túnjí, torí ẹni tí àyè bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í béèrè ẹni tó ni ín." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì láti wá àṣìṣe. N kò rí gbólóhùn náà nínú ìwé mi kankan, n kò sì rí ohun tí mo lè fagi lé. Mo fọwọ́ sí i.

Bàbá Túnjí jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n títí mo fi dìde. Tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ ló ń wò. Mo ní kó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti sìn mí jáde. Ó ní rárá, òun máa sìn mí. Nígbà tí a dé géètì, ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi mí pé kí ni iṣẹ́ àyè yẹn gan-an. Mo dá a lóhùn bó ṣe wà nínú ẹ̀kọ́ wa, pé kí ojú lè rí ibi sinmi ni.

Ó di géètì mú, kò jẹ́ kí n jáde.

"Tíṣà, ojú ta ni?"